Fóònù Kì Í Ṣe Ìsinmi: Ẹ̀kọ́ fún Ẹ̀yin Àbúrò Wa Tó Ń Kàwé ní Èkìtì

Ẹ̀yin àbúrò wa tó ń kàwé ní Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ọ̀yẹ́ àti káàkiri Èkìtì, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Nílẹ̀ wa, a kì í fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré. Òbí ń ta kòkó, wọ́n ń ta iṣu, kí ọmọ lè lọ síléèwé; ọmọ náà sì wá ń wo ìsinmi bí ìmẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìsinmi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ wà lára ìwé kíkà, àmọ́ ó ní bí a ṣe ń ṣe é.

Ní 1900, àwọn onímọ̀ ará Jámánì méjì, Georg Müller àti Alfons Pilzecker, kọ̀wé pé ohun tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ kì í fìdí múlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó dà bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ńtì rẹ́: bí ẹsẹ̀ bá tètè tẹ̀ ẹ́, ó bàjẹ́. Ní 2012, Michaela Dewar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh sọ ìtàn kúkúrú méjì fún àwọn àgbàlagbà kan. Lẹ́yìn ọ̀kan, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ nínú òkùnkùn fún ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn èkejì, wọ́n ṣe eré wíwá ìyàtọ̀ láàárín àwòrán méjì. Nígbà tó pé ọjọ́ 7, ìtàn tí ìsinmi tẹ̀lé ni wọ́n rántí jù. Ẹ kíyè sí i dáadáa: eré ni wọ́n ṣe lẹ́yìn ìtàn kejì, síbẹ̀ eré náà dí ìrántí lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí a kò fi ka fóònù sí ìsinmi. Ẹni tó pa ìwé dé tó ṣí WhatsApp ti gbé ẹrù mìíràn lé ọpọlọ. Ojú rẹ̀ pàápàá kò sinmi, torí pé bí a bá tẹjú mọ́ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, a kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, ojú á gbẹ, á sì máa ta èèyàn. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ nínú yàrá. Ẹ dìde, ẹ mu omi, ẹ jáde sí faránda, kí ẹ wo ọ̀nà jíjìn. Òkè kò wọ́n wa ní Èkìtì. Ẹni tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ lè wo Olósùnta. Àwọn oníṣègùn ojú a máa sọ pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 nídìí kọ̀ǹpútà, kí a wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, fún ìṣẹ́jú àáyá 20.

Ní ti àkókò, Francesco Cirillo, ará Ítálì, ló dá ètò kan sílẹ̀ nígbà tó wà ní yunifásítì ní ìparí àwọn ọdún 1980: ìwé fún ìṣẹ́jú 25, ìsinmi fún ìṣẹ́jú 5, bó bá pé ẹ̀ẹ̀mẹrin, ìsinmi ìṣẹ́jú 15 sí 30. Ó dára fún ohun tí ẹ fẹ́ há sórí. Fún ìṣirò, lójú tiwa, 25 kéré jù, torí pé ìgbà tí ìṣirò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé èèyàn ni aago á dún. Ẹ lo ìṣẹ́jú 50, kí ẹ sinmi fún 10. Bí ẹ bá sì fẹ́ dìde láàárín iṣẹ́ tí kò tíì parí, ẹ kọ ìlà kan sílẹ̀: “Ohun tó kàn ni kí n ṣe báyìí-báyìí.” Láìsí ìlà yẹn, ọkàn yín ò ní kúrò lórí iṣẹ́ náà. Ẹ má sinmi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìṣẹ́jú 5 á di wákàtí kan.

Oorun ọ̀sán ńkọ́? Kì í ṣe iyán nìkan ló ń fà á. Lẹ́yìn ọ̀sángangan, ara a máa rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí èèyàn ò tilẹ̀ jẹ iyán. Ẹ sùn fún ìṣẹ́jú 10 sí 20, kí áláàmù jí yín. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 30, oorun á ti wọra, orí á wúwo nígbà tí ẹ bá jí. Ẹ má sùn ún lẹ́yìn aago 4, kí oorun alẹ́ má bàa dá.

A mọ̀ pé iná lè dé lóru, tí ẹ ó sì fẹ́ kàwé láìdìde kí wọ́n tó mú un lọ. Ẹ ṣì dìde. Ẹni tó ti rẹ̀ á ka ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, iná á sì lọ náà ni.

Bí ẹ bá padà dé láti ìsinmi, ẹ má tíì ṣí ìwé. Ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ẹ rántí nínú èyí tí ẹ kà sórí bébà. Bí kò bá sí ohun tó jáde, ẹ padà ka apá yẹn, ṣùgbọ́n kí ẹ dín ìṣẹ́jú 25 kù sí 15 títí á fi yé yín.