Àgùntàn Ọgọ́rùn-ún, Ìgò Wàrà Kan

"Wọ́n ń fún wàrà àgùntàn kẹ̀?" Bí ẹ̀gbọ́n màmá mi ṣe pariwo nìyẹn ní Ìkọ̀lé. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé màlúù tán lọ́dọ̀ wọn ni?"

Mo ní, "Bàbá, màlúù ò tán o." Wàrà Lacaune, àgùntàn ilẹ̀ Faransé kan, ni wọ́n fi ń ṣe wàràkàṣì Roquefort. Lọ́dọ̀ tiwa ní Èkìtì, Iléyá àti ìnáwó ni àgùntàn wà fún.

Èmi tí mò ń tọ́jú ẹran, bí wọ́n ṣe ń fi wàrà ọ̀hún ṣọ́ àrùn ló wù mí. Ẹni tó bá ti fa ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn àgùntàn rí mọ̀ pé ìjàkadì ni: ẹnì kan á dì í mú, ẹnì kan á máa wá iṣan lábẹ́ irun. Bí wọ́n bá pọ̀ lágbo, ilẹ̀ á ṣú bá yín. Ṣùgbọ́n wàrà gbogbo agbo ti pọ̀ sínú táǹkì kan. Ìwọ̀nba díẹ̀ níbẹ̀ ti tó gbé lọ sí láàbù. Nígbà tí Q fever, àrùn tó máa ń ti ara ẹran ran èèyàn, jà ní Netherlands láàárín 2007 sí 2010, tó mú èèyàn tó lé ní 4,000, ọ̀dọ̀ ewúrẹ́ ló ti wá jù. Láti oṣù kẹwàá 2009, ìjọba sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n máa yẹ wàrà táǹkì wò ní àwọn oko ńlá, ti ewúrẹ́ àti ti àgùntàn.

Àmọ́ o, táǹkì kì í jẹ́rìí fún ẹran tí wàrà rẹ̀ kò wọ inú rẹ̀. Àgbò ò sí níbẹ̀, ọmọ àgùntàn ò sí níbẹ̀, èyí tí ọyàn rẹ̀ ti gbẹ náà ò sí níbẹ̀. Èyí tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, tí à ń fura sí gan-an, lè má dé ibi ìfúnwàrà rárá. Bí ẹyọ kan péré bá sì lárùn láàárín ọgọ́rùn-ún, wàrà àwọn tó kù lè bò ó mọ́lẹ̀.

Nílé níbí, wàrà màlúù ni mo lè fi ṣe é. Ní gáà kan lẹ́yìn ìlú, àwọn ìyá máa ń da wàrà ilé púpọ̀ pọ̀ kí wọ́n tó fi ewé bòmubòmu sè é. Brucellosis ni mo ń wá, èyí tó ń ba oyún màlúù jẹ́, tó sì ń fún èèyàn ní ibà tí oògùn ibà ò ràn. (Nónò tútù ni kí ẹ bẹ̀rù, kì í ṣe wàrà tó ti hó dáadáa.) Kòkòrò àrùn náà tí wọ́n ti pa, tí wọ́n sì ti rẹ láró, la máa ń kán sínú wàrà, a ó gbé e síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí kan. Bí àrùn bá ti kan agbo, ọ̀rá tó léfòó á yọ òrùka aláwọ̀ àlùkò. Bí kò bá sí, ìsàlẹ̀ ni aró á wà. Ọgbọ́n yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ lára wàrà àgùntàn, torí ọ̀rá rẹ̀ kì í léfòó bíi ti màlúù. ELISA, àyẹ̀wò láàbù mìíràn, ni wọ́n ń lò fún un.

Ìyá kan gbọ́ gbogbo àlàyé mi tán, ó ní, "Dókítà, tí ẹ bá wá rí òrùka ńkọ́? Ṣé ẹ ó kó màlúù wa lọ ni?"

"Rárá, Màmá. Mo máa wá fa ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ká lè mọ èyí tó jẹ́."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Ẹran tó bá ní in kò yẹ kó dúró láàárín agbo mọ́, èmi ò sì ní owó gbà-má-bìínú lápò. Ó bu wàrà náà fún mi, ó ní kí n má kọ orúkọ gáà wọn sí i lára. Mi ò bá a jiyàn. Nọ́ńbà ni mo kọ.