Ayaba tí mo sọ nù lánàá

Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ta chess, tẹ́ ẹ sì ti jókòó ti àdììtú tí wọ́n kọ "funfun ló kàn, ṣẹ́kìméètì ní ìgbésẹ̀ 4" sí lórí rí (ìyẹn ni pé kí funfun há ọba dúdú mọ́ láàárín ìgbésẹ̀ mẹ́rin, kó má ríbi sá sí), ẹ ó mọ ibi tó ti ń dùn mí.

Olùkọ́ wa ló to àdììtú náà sórí pátákó níwájú gbogbo wa. Ọba dúdú wà ní h8 (lẹ́tà àti nọ́ńbà ló ń tọ́ka sí ojú kọ̀ọ̀kan lórí pátákó), àwọn ọmọ ogun rẹ̀ méjì wà ní g7 àti h7, rúùkù rẹ̀, èyí tó máa ń rìn tààrà, wà ní a8, ayaba rẹ̀ sì ti lọ jìnnà sí b2. Funfun ní ayaba ní c4 àti ẹṣin ní g5. Ọba funfun jókòó sí g1 lẹ́yìn àwọn ọmọ ogun f2, g2 àti h2.

Bí mo ṣe rí i, orí mi wú. Mo mọ irú rẹ̀! Ó ti pẹ́ láyé, ó wà nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Spéìnì lọ́dún 1497. Ayaba á fi ara rẹ̀ rúbọ ní g8, rúùkù á jẹ ẹ́, ẹṣin á wá pa ọba tí àwọn ará ilé rẹ̀ ti sé mọ́ igun. Kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́, mo ti dìde. Mo gbé ayaba, mo fi í lé g8, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi tó fi dún.

Ọmọkùnrin kan wà níwájú, kò tíì ju ọmọ ọdún 11 lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọba ò lè jẹ ẹ́ ni?"

Mo wo pátákó. Ẹṣin mi ṣì wà ní g5, kò sì sí bí ẹṣin ṣe lè wà ní g5 kó máa ṣọ́ g8. Kò sẹ́ni tó dúró ti ayaba mi. Ọmọ náà kò fi mí ṣẹ̀sín o. Ó kàn fi ìka kan ti ọba láti h8 bọ́ sí g8, ó mú ayaba mi, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Gbogbo yàrá dákẹ́. Mo wá ohun tí màá sọ, n kò rí i. Ọwọ́ mi ṣì wà lókè, n kò mọ ibi tí màá gbé e sí. Olùkọ́ wa ní, "Jókòó," kò sì fi nǹkan kan kún un. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n ta. Mo mọ̀ ọ́n ta. Ohun tí mo rántí yẹn náà ló sì wà nínú ìdáhùn, ìgbésẹ̀ kẹta ni.

Bó ṣe rí nìyí: ẹṣin lọ sí f7, ṣẹ́ẹ̀kì (ìyẹn ni pé ó ń lé ọba), g8 nìkan ló kù fún ọba. Ẹṣin bọ́ sí h6, ẹṣin ń lé ọba, ayaba tó wà ní c4 náà ń lé e. Ọmọ ogun g7 lè jẹ ẹṣin yẹn lójú, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀kì méjì lẹ́ẹ̀kan náà ni, ọba fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rìn. Bó bá sá sí f8, ayaba á pa á ní f7. Bó bá padà sí h8, ìgbà yẹn ni ayaba ń lọ sí g8, torí ẹṣin h6 ti ń ṣọ́ ọ, ọba ò lè fọwọ́ kàn án. Rúùkù jẹ ẹ́ tipátipá, ẹṣin padà sí f7, ó tán.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n tó gbé nǹkan kan, kí n ka gbogbo ohun tí ọba ẹlòmíràn lè ṣe. Gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí kò wù mí kó ṣe. Ṣẹ́kìméètì tí ọba ò lè bọ́ nínú rẹ̀ kò sí nínú bí ìgbésẹ̀ tèmi ṣe dára tó, inú ìdáhùn tó kù fún un ló wà.

Èkejì, kéèyàn dá àwòrán mọ̀ kò tó, ó gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ti pé. Ẹṣin tèmi kò tíì dé h6. Ó lè jọ ti àkọ́kọ́ létí yín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣubú.

Ẹ̀kẹta, ẹ máa wo ṣẹ́ẹ̀kì ṣáájú. Àwọn kan á ní mo tẹ̀ lé ìyẹn, àbí ayaba ní g8 kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀kì ni? Ṣẹ́ẹ̀kì ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀kì yẹn nìkan ló wà ní pátákó yẹn tó yẹ kí n gbé yẹ̀ wò, ọ̀kan ṣoṣo ni mo wò. Bí mo bá bèèrè lọ́wọ́ ara mi ohun tí ọmọ yẹn bèèrè lọ́wọ́ mi ni, ìṣẹ́jú kan ò ní pé tí màá fi rí ẹṣin.

Lálẹ́ àná mo tún un tò nílé, mo sì yanjú rẹ̀ láìpẹ́. Láàárọ̀ yìí mo to mẹ́fà mìíràn. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan mo ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu: "Ṣé ọba ò lè jẹ ẹ́ ni?"