Ìjánu Tí Kò Wọ́n, Tó Sì Bá Ẹnu Ẹṣin Mu

Ẹ wọn ẹnu ẹṣin yín kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ìjánu. Kì í ṣe wíwọ́n tí ìjánu wọ́n ló ń jẹ owó èèyàn tó bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe pé kéèyàn ra mẹ́ta kí ẹyọ kan tó wọ̀.

Okùn tó nípọn bí ìka ọmọdé ti tó. Ẹ ta kókó sí orí rẹ̀ kan. Ẹ̀gbẹ́ òsì ẹṣin ni kí ẹ dúró sí, ẹ má dúró níwájú rẹ̀. Àlàfo kan wà láàárín ehín iwájú àti ehín ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ti àtàǹpàkò bọ igun ẹnu níbẹ̀, yóò la ẹnu fúnra rẹ̀. (Akọ ẹṣin sábà máa ń ní ehín ṣóńṣó kan nínú àlàfo yẹn, ẹ ṣọ́ ìka yín.) Ẹ fa okùn gba orí ahọ́n títí kókó yóò fi kan ètè ọ̀tún, ẹ nà án kó le, kí ẹ fi báírò sàmì síbi tó ti yọ lápá òsì. Téèpù télọ̀ ni kí ẹ fi wọn àárín kókó àti àmì náà. Àwọn ẹṣin kéékèèké tí wọ́n ń kó wá láti Òkè Ọya kì í sábà ju ìjánu 4½ sí 5 íǹṣì lọ.

Bí òrùka ìjánu bá ń yí gbirigbiri nínú ihò rẹ̀, ẹ fi ìdajì íǹṣì kún ohun tí ẹ wọ̀n, kí ¼ íǹṣì lè yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí òrùka bá dúró gbọn-in, kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá kéré á máa fún ètè títí yóò fi bó. Èyí tó bá gùn jù á máa sún lọ sún bọ̀, oríkèé àárín rẹ̀ á kúrò láàárín ahọ́n, á sì máa gún òkè ẹnu.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ nìyí o. Òǹtajà á na téèpù láti etí òrùka kan dé etí òrùka kejì, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, íǹṣì márùn-ún gééré ni." Irin tó ń wọ ẹnu nìkan ni wọ́n ń wọ̀n, láti inú òrùka sí inú òrùka. Ẹ wo bó ṣe nípọn pẹ̀lú, nítòsí òrùka: mílímítà 14 sí 16 dára fún ẹnu kékeré. Tínrín bíi wáyà á gé e. Àwọn kan sì gbà pé bó bá ṣe nípọn tó ló ṣe rọra tó, ṣùgbọ́n ahọ́n ẹṣin ti kún ẹnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Níbo ni irin ràgàjì fẹ́ gbà?

Ní ti àlòkù, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin pólò ní Eléyele nílùú Ìbàdàn, tàbí kí ẹ wádìí ní Sábó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ìjánu pólò lè jẹ́ gag (èyí tó máa ń gun òkè lẹ́nu ẹṣin bí ẹ bá fa okùn) tàbí Pelham. Pelham ní ọ̀pá tó sọ̀ sísàlẹ̀ tí okùn so mọ́. Ohun tó ń kan ẹnu ẹṣin ju ohun tí ọwọ́ yín fà lọ. Líńzámì, ìyẹn ìjánu àwọn Hausa, náà le, pàápàá èyí tó ní òrùka tó há àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Ẹṣin tó kàn ń gbé ọkọ ìyàwó dé ibi ayẹyẹ kò nílò irú rẹ̀. Snaffle lásán (ìjánu tí kò ní ọ̀pá, tí okùn so mọ́ òrùka rẹ̀ tààrà) ni kí ẹ wá, èyí tó ní oríkèé méjì tó ń dán, tàbí èyí tí kò ní oríkèé rárá.

Ẹ fi òwú gbá ara ìjánu àlòkù náà yíká. Ibi tí òwú bá ti há, ibẹ̀ ni yóò ti gé ètè. Ẹ yẹ oríkèé wò bóyá ó ti jẹ tínrín, kí ẹ sì ki ìka bọ ihò òrùka wò bóyá etí rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òòfà inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ kàn án. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, ó lè jẹ́ irin lásán tí wọ́n bò lójú, tí ìbòrí rẹ̀ á ṣí bí èèpo láìpẹ́. Òòfà kò dájú tán, torí pé irin mìíràn tí kì í dípẹtà náà ń gbà á.

Ẹ má gbé irin ìkọ́lé fún wẹ́dà pé kó bá yín rọ ìjánu. Ara irin yẹn ní ìlà gbágungbàgun, ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ sì mú bí abẹ.

Nígbà tí ẹ bá wọ̀ ọ́ sí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ihò awọ tó gbé ìjánu rọ̀ tó mú kí irin kàn fara kan igun ẹnu. Bí igun ẹnu bá hunjọ lẹ́ẹ̀kan, kò burú. Bó bá hunjọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, irin ti ga jù; bí irin bá ń kan ehín iwájú, ó ti relẹ̀ jù.

Bí ẹṣin bá ń ju orí sókè, tó ń la ẹnu, tó ń gbé ahọ́n gorí irin, àwọn èèyàn á ní ìlù dùndún ló ń dà á láàmú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣe é nínú ọgbà tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí ìjánu sì wọ̀ ọ́, ehín ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣeé ṣe kó ti mú létí. Kí ẹ tó ra ìjánu mìíràn, ẹ mú un dé ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, kí dókítà yẹ ehín rẹ̀ wò, kó sì fi fáìlì ha á kó lè dán bó bá yẹ.