Ẹ Bi Wọ́n Níbi Tí Wọ́n Ti Sùn: Ẹ̀kọ́ Tí Iṣẹ́ Ìwádìí Kọ́ Mi Ní Àgbádárìgì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra láti ṣe ìwádìí lórí àwọn tó ń ti ìlú dé ìlú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó lọ tẹ fọ́ọ̀mù ìbéèrè yín. Èmi ti tẹ tèmi kí n tó rí ẹni tó máa là mí lójú. Ẹ̀dà 200 ni mo gbé sínú báàgì lọ sí Àgbádárìgì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni: "Ṣé ẹ ti lọ gbé ní orílẹ̀-èdè mìíràn rí?" Èkejì ni: "Kí ló lé yín kúrò nílé?"

Ìyá kan tó ń ta àgbọn ní Àjárá ni mo kọ́kọ́ bi. Ó ní òun ò lọ gbé ìlú òkèèrè kankan rí láyé òun. Mo fàmì sí "rárá", mo dúpẹ́, mo dìde. Bí fóònù rẹ̀ ṣe dún nìyẹn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Ègùn. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ń pè láti Àjàṣẹ́, pé òun máa gbé àdín àgbọn lọ fún un lọ́jọ́ ọjà. Mo ní, "Mà, ṣé Àjàṣẹ́ kò sí ní Bẹ̀nẹ̀ ni?" Ó wò mí títí. "Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ibẹ̀ nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Ṣé ìyẹn náà ni ẹ̀ ń pè ní ìlú òkèèrè?"

Ìyá náà kò purọ́. Ìbéèrè mi ni kò nítumọ̀ nílé rẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe àdéhùn ìlà tó ya Àgbádárìgì kúrò lára Àjàṣẹ́. Ẹbí àwọn Ègùn sì ti wà lápá méjèèjì kí ìlà tó dé. Lójú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ẹni tó bá lo ó kéré tán oṣù 12 ní orílẹ̀-èdè mìíràn ti ṣí lọ síbẹ̀ nìyẹn. Nípa bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́rin ìyá yìí wọnú ìṣirò. Àdín tó ń gbé lọ lọ́jọ́ ọjà kò wọ̀ ọ́. Fọ́ọ̀mù mi kò mú ìkankan nínú méjèèjì.

Lóru ọjọ́ náà, mo fi bírò fagi lé ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí gbogbo ẹ̀dà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo kọ rọ́pò rẹ̀ ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbogbo ibi tí ẹ ti sùn ju oṣù mẹ́ta lọ fún mi, láti kékeré yín." Ìbéèrè kan yìí ló gba iṣẹ́ náà là.

Ìbéèrè kejì ńkọ́? Èsì tí mo ń gbà ṣáá ni "ìṣẹ́" tàbí "ebi". Tí ẹ bá mú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, àwọn èèyàn á rò pé ẹ fẹ́ pín nǹkan, ohun tí wọ́n rò pé ẹ fẹ́ gbọ́ ni wọ́n á sì sọ. Mi ò ní kò sí ìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́ ti wà tipẹ́, kò sì lè sọ fún wa ìdí tí èèyàn fi lọ lọ́dún yìí tí kò lọ lọ́dún tó kọjá, tàbí ìdí tó fi gba Ṣẹ̀mẹ̀, bọ́dà Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, tí kò gba ibòmíràn. Ọ̀nà ọjà ló ń sọ ìyẹn. Ohun tí ìwé wa ń pè ní globalisation, lójú títì Àgbádárìgì, òun ni ìrẹsì láti Táílàǹdì àti Íńdíà, mọ́tò tòkunbọ̀ àti aṣọ òkìríkà tó ń gúnlẹ̀ sí Kútọnu, tó ń gba Ṣẹ̀mẹ̀ wọlé. Níbi tí ẹrù bá ti ń kọjá, alábàárù á dé, olóúnjẹ á dé, àwọn tó ń pààrọ̀ owó sẹ́fà, tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, á dé, ẹni tó gbọ́ Faransé díẹ̀ á rí iṣẹ́. Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí Ṣẹ̀mẹ̀ kò sì ṣí títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn wọ̀nyí tú ká. Alábàárù kan ka ibi tó ti sùn fún mi: Ṣẹ̀mẹ̀, Mile 2, lẹ́yìn náà Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èbúté tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ipò tí ilé bàbá rẹ̀ wà kò yí padà rárá ní gbogbo àkókò yẹn. Ibi tí ẹrù ń gbà ló yí padà.

Ẹ sì kíyè sí i pé kò kúrò ní ìpínlẹ̀ Èkó. Láti ọdún 1885 ni Ravenstein, onímọ̀ tó ṣèwádìí nípa àwọn tó ń ṣí kiri, ti sọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣí kì í lọ jìnnà. Lọ́dún 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka mílíọ̀nù 304 èèyàn tó ń gbé lóde orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá. Wọn kò tó mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ayé. Ó ń dùn mí tí mo bá rí i pé jápa ni gbogbo yín fẹ́ kọ lé lórí, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè nípa ọmọ tó kúrò ní Àgbádárìgì lọ sí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí.

Ilé ìyá alágbọn yìí kan náà ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tó tóbi jù. Àkọ́bí rẹ̀ lọ sí Ìlú Ọba lọ́dún 2022, lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn olùtọ́jú arúgbó ní oṣù kejì ọdún náà. Ó ń fi owó ránṣẹ́, ìyá sì fẹ́ tẹ́ táìsì sílẹ̀ ilé. Páálí táìsì tó wà ní kọ̀rọ̀ ti Ṣáínà wá. Ọmọ Tógò ni ẹni tó ń tẹ́ ẹ; ní Èkó, àwọn ará Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onílé ń fẹ́ fún iṣẹ́ yìí. Mo jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó na okùn láti ògiri dé ògiri, ó tẹ́ táìsì kan, ó fi ìdí òòlù kàn án, ó dẹtí, ó sì tún un ṣí nítorí pé ìró rẹ̀ dún bí ìkòkò òfìfo. Èdè Ewe rẹ̀ àti Ègùn ìyá jọra débi pé wọ́n ń gbọ́ra wọn díẹ̀díẹ̀. Ọmọbìnrin tó lọ sí Ìlú Ọba ló mú ọkùnrin yìí wá láti Tógò, bẹ́ẹ̀ wọn kò pàdé rí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó jẹ́ nǹkan bíi 460 náírà ní bánkì kọjá 1,400 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Pọ́n-ùn tí ọmọ ń fi ránṣẹ́ wá di owó ńlá lọ́wọ́ ìyá. Ṣùgbọ́n euro ni wọ́n so sẹ́fà mọ́, nítorí náà owó iṣẹ́ oní-táìsì kò tó nǹkan mọ́ tó bá dé Lomé ní Tógò. Ó kó òòlù rẹ̀, ó lọ. Ẹ̀fúùfù kan ṣoṣo ni, ó gbé ọ̀kan ga, ó lé èkejì padà sílé. Àbúrò ọmọ náà ti ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó láti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 2025, Ìlú Ọba dẹ́kun gbígba olùtọ́jú tuntun láti òkè òkun. Ajah ló ń gbé báyìí. Tí mo bá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, n kì bá tí rí okùn tó so wọ́n pọ̀. Ilé kan, fọ́ọ̀mù kan: bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn títí dòní.

Ẹ máa kọ iye tí wọ́n ń pààrọ̀ sẹ́fà sí lọ́jọ́ tí ẹ gba èsì. Ẹ wá ògbufọ̀ tó gbọ́ Ègùn dáadáa, kó má jẹ́ ọmọ ilé náà, torí ọmọ kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ jáde.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí jù. Àdéhùn ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ọdún 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà láyè láti wọ orílẹ̀-èdè mìíràn níbẹ̀ láìgba físà fún 90 ọjọ́. Ọkùnrin kan sọ tirẹ̀ fún mi tán, ó dákẹ́, ó wá ní, "Ọjọ́ mi ti kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìwé yẹn padà fún mi." Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀ gàdàgbà sókè. Mo ya ojú ìwé náà lójú rẹ̀, àyà mi sì ń já. Láti ọjọ́ náà, nọ́ńbà nìkan ni mò ń kọ.

Ní ìparí ọdún 2025, mo yà kí ìyá ní Àjárá. Pálọ̀ ń dán, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì ṣì ni yàrá ẹ̀yìn, páálí táìsì mẹ́sàn-án sì wà níbẹ̀ tí ó fi aṣọ bò. Mo bi í bóyá ó ti wá ẹlòmíràn. Ó ní rárá, òun àti oní-táìsì òun ṣì jọ ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà máa ń pè, kì í béèrè nípa yàrá náà; iye tí sẹ́fà jẹ́ ní Ṣẹ̀mẹ̀ ló máa ń béèrè.