Ìka màmá tó ń yan gààrí
Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo rí lónìí ní báǹkì tí mo ti ń ṣe IT (iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ ọmọ iléèwé) n'Ìbàdàn níbí ò tíì kúrò lọ́kàn mi o.

Màmá kan wọlé láàárọ̀, wọ́n fẹ́ ṣe BVN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì, kí wọ́n lè ṣí àkáǹtì, torí ọmọ wọn tó wà l'Ékòó fẹ́ máa fowó ránṣẹ́ sí wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n dá wọn lóhùn. Ìka 10 la máa ń fi ẹ̀rọ yà fún un, mo ní màmá ẹ gbé e lé e, wọ́n gbé e, ẹ̀rọ ò mú nǹkan kan, a nù ún, a fomi díẹ̀ pa á, a tún gbé e, kò mú un náà.

Ni mo bá di ọwọ́ wọn mú wò ó. Ó ń dán, ó le bí awọ, ilà orí ìka ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, gààrí ni mo ti ń yan láti kékeré, iná ló jẹ ẹ́." Wọ́n wá rọra bi mí pé, "Ṣé wọ́n máa ní kí n máa lọ ni?" Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Ọ̀gá mi obìnrin ló wá jókòó tì wọ́n, wọ́n ń fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi gbà. Ọlọ́run á bù kún wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ báǹkì rí, ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lójú yín? Kí lẹ ṣe?