Wọ́ọ̀dù tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí mo kọ lónìí kọ́ ni àwọn ará ilé ń retí. Ilé ìwòsàn àdáni kan fún àwọn alárùn ọpọlọ ni mo kọ ọ́ sí. Láti ìgbà tí ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì (RN) mi ti jáde ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi létí pé kí n gba FMC Ìdí-Abà, ilé ìwòsàn gbogboogbò ìjọba àpapọ̀, lọ, kí n ti wọ́ọ̀dù gbogboogbò bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ mi kọ́kọ́ mọ abẹ́rẹ́ àti dírípù dáadáa. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ó ti ṣe àwọn ẹgbẹ́ mi kan láǹfààní.

Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde bá gba ọ̀nà ìtọ́jú ọpọlọ lọ tààrà, ọwọ́ rẹ̀ á gbàgbé iṣẹ́. Ohun tí mo rí nígbà tí wọ́n rán wa lọ kọ́ṣẹ́ ní Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta níbí, kò jọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba haloperidol, oògùn àìsàn ọpọlọ kan, ọrùn rẹ̀ lè ṣàdédé lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹyinjú rẹ̀ yí sókè. Ẹni tí kò mọ̀ á ní iṣẹ́ ayé ni. Oògùn ló fà á, oògùn mìíràn ló sì ń tú u, bí nọ́ọ̀sì bá tètè pe dókítà. Ẹni tó ń lo clozapine, oògùn ọpọlọ mìíràn, gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò déédéé, torí ó lè dín èròjà ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà kù. Bí ẹni tó ń lo lithium, tí òun náà jẹ́ oògùn ọpọlọ, bá ń yàgbẹ́ gbuuru, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kíkankíkan, ọ̀rọ̀ yẹn ò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ta ló máa kọ́kọ́ rí i? Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ni. Ara àti ọpọlọ kò ní wọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ènìyàn kan ṣoṣo.

Màmá mi ò tiẹ̀ sọ ti abẹ́rẹ́ rárá. "Àṣàkẹ́, àwọn wèrè lo wá fẹ́ máa bá sùn bá jí? Ta ló máa fẹ́ ọ?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Àìsàn ló ń ṣe wọ́n."

Wọn ò dá mi lóhùn, ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já ni wọ́n ń já lọ. Mi ò bínú sí wọn. Nílùú tí wọ́n ti ń fi "wọ́n á gbé ẹ lọ Aro" bú ènìyàn, ibo ni wọ́n ti fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn?

Ó ń dùn mí, torí ìlú yìí kan náà ló ti ṣe é re rí. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí Aro ká. Ẹbí kan á tẹ̀ lé aláìsàn wá, á máa se oúnjẹ fún un. Aláìsàn á gba ìtọ́jú, á sì bá wọn ṣiṣẹ́ oko. Àwọn ìyá àti bàbá wa nígbà náà gbà wọ́n sílé, wọ́n bá wọn jẹ, wọ́n bá wọn ṣeré. Irú iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn, ká mú ìdílé mọ́ ìtọ́jú, ká má ti aláìsàn mọ́lé nìkan.

Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kì í gba ènìyàn nígbàkúùgbà, àfi kí wọ́n kéde. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ti àdáni yìí ná. Tí àyè bá yọ ní Aro, màá dù ú, níbẹ̀ náà sì ni mo fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ọpọlọ tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn RN.

Ọ̀la ni màá mú lẹ́tà náà lọ. Bí wọ́n bá pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, èmi náà á bi wọ́n léèrè: aláìsàn mélòó ni nọ́ọ̀sì kan ń mójú tó lóru? Ta ni wọ́n máa fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí ọwọ́ mi á fi mọ̀ ọ́n? Nígbà tí aláìsàn bá ń jà, kí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe kí wọ́n tó so ó mọ́lẹ̀? Bí wọn ò bá rí èyí tó kẹ́yìn yẹn dáhùn, mi ò ní gba iṣẹ́ náà.