Ta Ni Yóò Bá Wa Kọ Míníìtì? Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Bí A Ṣe Ń Pín Iṣẹ́ Láàrin Ọkùnrin àti Obìnrin

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìrẹ́jẹ tí ó ń bá obìnrin níbi iṣẹ́, owó oṣù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi ti rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ sọ́féyọ̀, ìyẹn iṣẹ́ ìwọnlẹ̀, ní Abẹ́òkúta ni pé kí owó tó dé ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń wọ́. Ibi tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú ẹ̀rín àti àwàdà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bú ẹnikẹ́ni. Nítorí pé kò sí èébú nínú rẹ̀, ó ṣòro fún obìnrin láti tọ́ka sí i kí ó sì sọ pé ibi báyìí ni wọ́n ti rẹ́ òun jẹ.

Ìhà Ìbarà ni ilé iṣẹ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ wà, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Oríṣi iṣẹ́ méjì ni ó wà nínú ìwé tí wọ́n fi gbà wá. Èkíní ni iṣẹ́ oko: kí ènìyàn gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ lọ sórí ilẹ̀, kí ó dúró ti àwọn lébìrà títí wọn yóò fi ri òpó kọnkéré mọ́ igun kọ̀ọ̀kan, kí ó sì bá onílẹ̀ àti oníbàárà sọ̀rọ̀. Èkejì ni iṣẹ́ ọ́fíìsì: ìṣirò, àti yíya àwòrán ilẹ̀ náà lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kẹta wà tí kò sí nínú ìwé kankan. Kíkọ míníìtì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí a bá sọ ní ìpàdé, wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ríra ohun mímu fún àlejò, gbígba owó ìsọmọlórúkọ àti owó ìsìnkú lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, yíyan aṣọ ẹbí nígbà tí ọ̀gá bá ń ṣe òkú, títọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù, àti pípe ẹni tí kò tíì mú ìròyìn rẹ̀ wá kí ó má ba à bọ́ sínú wàhálà. Ọ̀dọ̀ àwa obìnrin ni gbogbo ẹ̀ka kẹta yìí ń bọ́ sí, àwọn ọkùnrin sì ni wọ́n ń lọ sí oko. Ìwé ẹ̀rí kan náà ni èmi àti ọ̀dọ́kùnrin tí a jọ wọlé mú wá.

Ó lè dà bí ohun tí kò tó pè lẹ́jọ́ lójú ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa. Ẹni tí ó ń lọ sí oko ń gba owó ìrìnnà àti owó oúnjẹ kún owó oṣù rẹ̀. Òun ni oníbàárà ń gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, òun náà ni wọn yóò sì pè nígbà tí wọ́n bá tún ra ilẹ̀ mìíràn. Lọ́jọ́ tí ó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí sọ́féyọ̀ tí ó dá dúró, iṣẹ́ oko ni wọn yóò bi í léèrè. Lọ́jọ́ ìgbéga pẹ̀lú, ìbéèrè tí ó máa ń wáyé ni pé, iṣẹ́ wo ni o ti darí? N kò tíì gbọ́ kí wọ́n bi ẹnikẹ́ni pé, míníìtì mélòó ni o ti kọ? Wọ́n máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi dáadáa, wọ́n a ní ọwọ́ mi mọ́, wọ́n a ní n kò gbàgbé nǹkan. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kì í wọ inú fáìlì.

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ilé iṣẹ́ tiwa nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀, títí mo fi ka ìwádìí kan tí Linda Babcock, Maria Recalde, Lise Vesterlund àti Laurie Weingart gbé jáde ní ọdún 2017 nínú ìwé ìwádìí ètò ọrọ̀ ajé tí ń jẹ́ American Economic Review. Wọ́n kó àwọn ènìyàn tí kò mọra wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta-mẹ́ta nídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fún wọn ní ìṣẹ́jú méjì. Bí ẹnì kan nínú wọn bá tẹ bọ́tìnnì, àwọn méjì yòókù yóò gba dọ́là méjì ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ yóò gba dọ́là 1.25 péré, bí kò bá sí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́, dọ́là kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn yóò gbà. Nínú ẹgbẹ́ tí ọkùnrin àti obìnrin ti wà pọ̀, obìnrin fi ìdá 48 nínú 100 ju ọkùnrin lọ ní títẹ bọ́tìnnì náà. Nígbà tí wọ́n wá yan ẹnì kan tí yóò máa bẹ ọ̀kan nínú àwọn yòókù pé kí ó tẹ̀ ẹ́, obìnrin ni wọ́n ń bẹ̀ jù, pẹ̀lú ìdá 44 nínú 100 lé ní ti ọkùnrin. Ìdá 76 nínú 100 ìgbà ni obìnrin gbà, ìdá 51 ni ọkùnrin gbà. Ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé nígbà tí wọ́n fi àwọn ọkùnrin nìkan sí ẹgbẹ́ kan, tí wọ́n sì fi àwọn obìnrin nìkan sí òmíràn, ìyàtọ̀ náà kò sí mọ́. Àwọn ọkùnrin ń tẹ bọ́tìnnì bí kò bá sí obìnrin tí wọn yóò máa wò. Kì í ṣe pé Ọlọ́run dá obìnrin mọ́ iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò fẹ́ ṣe. Gbogbo ènìyàn ló kàn mọ̀, obìnrin fúnra rẹ̀ náà sì mọ̀, ẹni tí wọ́n ń retí.

Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú méjì yẹn kò ṣàjèjì sí mi rárá. Ọ̀gá wa yóò béèrè pé, “Ta ni yóò bá wa kọ míníìtì?” Ẹnì kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù rẹ̀ bí ẹni pé ìròyìn ikú ni ó dé. Ẹlòmíràn yóò máa wá bírò nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì tí bírò náà hàn síta gbangba. Ẹni kẹta yóò ní ọwọ́ òun kò dára, ẹni tí ó ń ya àwòrán ilẹ̀ jẹun! Lẹ́yìn náà ni ojú gbogbo wọn yóò wá máa yí díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa, ìdákẹ́jẹ́ náà yóò sì máa wúwo títí tí obìnrin kan yóò fi fa ìwé sọ́dọ̀.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ kì í ṣe pé kí obìnrin fọwọ́ lẹ́rán kí ó sì máa wò wọ́n. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá níhìn-ín, agídí ni wọn yóò sọ pé ó ní, orúkọ yẹn kò sì rọrùn láti bọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ni kí á mú kúrò. Mo lọ bá ọ̀gá ní yàrá rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé àgbà tí a bá tako lójú àwọn ọmọ kò ní lè gbà, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ dùn mọ́ ọn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ní àbá kan lórí míníìtì. Ẹ jẹ́ kí á máa kọ ọ́ bí orúkọ wa ṣe tò nínú ìwé tí a ń buwọ́ lù láràárọ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ó gbé ẹ wá?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni sà, ó kéré, kò sì ní ṣòro láti ṣe.” Ó fọwọ́ sí i.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú èyí múra sílẹ̀ fún ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Míníìtì àkọ́kọ́ tí ọkùnrin kan kọ kò ní orí, kò ní ìdí. Ó gbàgbé ọjọ́ tí a fi ìpàdé mìíràn sí, ó sì kọ orúkọ oníbàárà kan sí ibi orúkọ òṣìṣẹ́. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí wọ́n dá a padà fún mi, pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n kọ. Ibi tí iṣẹ́ tí kò níyì ti máa ń padà sọ́dọ̀ obìnrin nìyẹn: ẹni tí ó bá ṣe é burúkú yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó bá ṣe é dáadáa ni yóò máa ṣe é lọ. Mo dáhùn pé èmi náà kọ́ ọ ni, mo sì jókòó pẹ̀lú ọkùnrin náà kí á tún un kọ. N kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti iṣẹ́ oko nira jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àánú ni ó wà nídìí rẹ̀. Ọ̀gá wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó gbà tọkàntọkàn pé oòrùn, ejò àti àwọn ọmọ onílẹ̀ kò yẹ kí wọ́n dojú kọ ọmọbìnrin ẹlòmíràn lábẹ́ àbójútó òun. Ojúsàájú tí ó bá fi ìkórìíra hàn, a lè bá a jà. Èyí tí ó bá gbé agboòrùn lé ọ lórí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí o bá kọ̀ ọ́ ni wọn yóò ti pè ọ́ ní abara-moore-jẹ. Mo bi í léèrè bóyá ọmọ onílẹ̀ tí ó bá gbé àdá kì í ṣá ọkùnrin. Bí ewu bá wà, kí á kọ ìwé ránṣẹ́ sí baálẹ̀ kí á tó lọ, kí á má dá lọ, kí ẹni tí ó mọ agbègbè náà ṣáájú. Ààbò gbogbo wa ni ìyẹn, ọkùnrin kò yọ sílẹ̀.

Ẹnì kan láàrin wa tilẹ̀ sọ pé òfin ni kò gbà kí obìnrin ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo lọ ka òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Labour Act. Abala 55 ń sọ nípa iṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ ńláńlá àti ní oko ọ̀gbìn, ó sì yọ àwọn nọ́ọ̀sì àti obìnrin tí ó wà ní ipò àṣẹ sílẹ̀. Abala 56 ń sọ nípa iṣẹ́ inú ihò ìwakùsà. Ìwọnlẹ̀ ní ọ̀sán gangan kò sí nínú èyíkéyìí nínú wọn. Abala 42 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 kọ̀ kí ìjọba fìyà jẹ ènìyàn nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin; abala 17 sì ní kí owó dọ́gba níbi tí iṣẹ́ bá ti dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn: bí wọn kò bá jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ náà rárá, kí ni n ó fi wé ti ọkùnrin?

Àwọn mìíràn ní àṣà ni, pé láti ilẹ̀ wá ni iṣẹ́ ti ní takọ-tabo. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ ni àwọn obìnrin fi ń ya ti wọn, àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń gé páànù tí wọ́n fi ń tẹ iṣẹ́ sí aṣọ. Kí ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ dé Ìtòkú lónìí, kí ó wo iye ọkùnrin tí aró ti mú ọwọ́ wọn dúdú. Ìgbà tí owó wọ inú rẹ̀, àṣà yẹra.

(Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta ọdún kan, tí í ṣe ọjọ́ àwọn obìnrin lágbàáyé, ọkùnrin méjì ni wọ́n sọ̀rọ̀ lórí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti bí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe jà lórí owó orí títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní ọdún 1949. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Àwa obìnrin kò gbọ́ parí rẹ̀, nítorí pé àwa ni a ń gbé ohun mímu kiri.)

Ohun tí ó ṣí ọ̀nà oko fún mi ni ìwé kékeré kan. Mo fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ní apá kan ni mo ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún. Ní apá kejì, gbogbo ohun mìíràn tí wọ́n ní kí n ṣe, ọjọ́ tí ó jẹ́, àti bí ó ti pẹ́ tó. N kò kọ ọ́ láti fi bá ẹnikẹ́ni jà, n kò sì fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Nígbà tí àkókò àyẹ̀wò iṣẹ́ dé, mo gbé e síwájú ọ̀gá. Ó kà á, ó ṣí ojú ewé, ó tún kà á, ó sì dákẹ́. Òun náà kò mọ̀ pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni ó ń fi rán mi.

Ìhà Òṣíẹ̀lẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá, ni iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ darí. Bàbá onílẹ̀ wo àwa tí a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì bi lébìrà wa pé, “Ọ̀gá yín ń bọ̀ lẹ́yìn ni?” Lébìrà nawọ́ sí mi. Bàbá ní, “Háà, ìyá, ẹ̀yin ni?” Mo kúnlẹ̀ kí i, mo dìde, mo sì gbé ẹ̀rọ kalẹ̀. Nígbà tí a máa fi yí ilẹ̀ náà ká dé ẹ̀yìn, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń bá mi fi ọ̀pá tọ́ka sí àwọn igi pérégún tí bàbá rẹ̀ gbìn sí ààlà, tí ó sì ń sọ èyí tí ó ti kú àti èyí tí aládùúgbò hú. Bí ó ti wù kí n mọ àwòrán ilẹ̀ yà tó lórí kọ̀ǹpútà ní Ìbarà, n kò lè mọ ibi tí pérégún tí wọ́n hú wà.

Kí obìnrin má sì rò pé bí ọ̀gá bá ti jẹ́ obìnrin, ọ̀rọ̀ ti parí. Nínú ìwádìí tí mo mẹ́nu bà, àti ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n ń bẹ obìnrin jù. Àǹtí tí ó ń mójú tó owó lọ́dọ̀ wa ni ó máa ń sọ fún mi pé, “Bá wọn ṣe é jàre, ọmọ mi, bí àwa náà ṣe ṣe é nìyẹn.” Ìfẹ́ ni ó fi ń sọ ọ́.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀, tí wọ́n lè dá dúró nígbàkigbà, kò yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ oko. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí míníìtì, kí ó sì máa kọ ìwé rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Nígbà tí ó bá tó àkókò láti béèrè, kí ó má sọ pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ. Kí ó dárúkọ iṣẹ́ tí ó fẹ́. Èyí tí mo kọ sínú lẹ́tà mi ni pé: “Mo ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ béèrè pé kí ẹ fi mí sí ara àwọn tí yóò lọ wọn ilẹ̀ tí ó ń bọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí n darí èyí tí yóò tẹ̀ lé e, nítorí pé mo nílò rẹ̀ fún ìforúkọsílẹ̀ mi.” Mo tẹ ẹ̀dà méjì, mo ní kí akọ̀wé buwọ́ lu èyí tí mo mú lọ sílé.